Ọ̀bẹ Méjì Lórí Ayé Kan: Àgbéyẹ̀wò Àwòrán Ẹ̀fẹ̀ Ìgbà Ogun Tó Ń Bá Ọ̀kánjúwà Wí

Ọkùnrin méjì wà nídìí tábìlì oúnjẹ. Èyí tó wà lápá òsì gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí pòròpórò, imú rẹ̀ ṣóńṣó, ẹ̀wù pupa àwọn ológun ló wọ̀. Èyí tó wà lápá ọ̀tún kéré gan-an. Ó ní láti gbé ìdí kúrò lórí àga kí ọwọ́ rẹ̀ tó lè tó àwo, fìlà oníyẹ̀ẹ́ ńlá tó dé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Oúnjẹ tó ń rú èéfín láàárín wọn rí roboto bí bọ́ọ̀lù, òkun àti ilẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Ayé ni wọ́n gbé ka àwo. Ẹni kékeré ti yọ idà sí ilẹ̀ Yúróòpù, ó ń gé e lápá kan. Ẹni gígùn ti fi àmúga oníga mẹ́ta gún Òkun Àtìláńtíìkì, ó ń gé apá tirẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ojú àwọn méjèèjì le koko. Wọn kò wo oúnjẹ mọ́, ara wọn ni wọ́n ń ṣọ́.

James Gillray ló ya àwòrán yìí. Ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń jẹ́ Hannah Humphrey, ní nọ́ńbà 27, òpópónà St James's ní Lọ́ńdọ̀nù, ló gbé e jáde ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 1805. Wọ́n pè é ní "The Plumb-pudding in Danger". Ẹni gígùn ni William Pitt, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni kékeré ni Napoleon Bonaparte, tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó dé adé ní Párísì. Láti ìgbà náà wá, àwòrán yìí ti di ohun tí àwọn èèyàn ń fi sínú férémù kọ́ sí yàrá ìjẹun, ọ́fíìsì àti ilé ìkàwé, tí àwọn ayàwòrán ìwé ìròyìn sì ń yá lò nígbàkígbà tí alágbára méjì bá tún ń fa ilẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Ọmọ Yorùbá tó bá dúró níwájú rẹ̀ kò nílò ògbufọ̀. Nínú èdè Yorùbá, a máa ń jẹ iyán, a máa ń jẹ oyè, a máa ń jẹ èrè, a máa ń jẹ gbèsè, a sì máa ń jẹ ìyà. Ẹni tó bá kó owó ìlú sápò, àwọn ará ìlú kò ní sọ pé ó jí i, wọ́n á ní ó ti jẹ ẹ́. Wọ̀bìà ni à ń pe ẹni tí oúnjẹ kì í tó, orúkọ kan náà la sì ń pe aláṣẹ tí ilẹ̀ kì í tó. Gillray kò gbọ́ Yorùbá rí, ṣùgbọ́n ibi tí èdè yìí ti ń wo ọ̀kánjúwà gan-an ni òun náà dúró sí.

Ìbéèrè tó yẹ kí a fi gbé irú àwòrán yìí yẹ̀ wò ni pé kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé, nígbà tí ogun bá dé, tí ayàwòrán bá fẹ́ bá olójúkòkòrò wí, tábìlì oúnjẹ ni ó sábà máa ń gbé kalẹ̀? Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù ú lọ ni pé, ta ni ó wà lórí àwo?

Gillray kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó fi oúnjẹ ya ogun àti ilẹ̀ gbígbà. Ní ọdún 1772, ìjọba mẹ́ta, Rọ́ṣíà, Prọ́ṣíà àti Ọ́sítríà, pín nínú ilẹ̀ Pólàńdì láàárín ara wọn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwòrán kan jáde láti ọwọ́ àwọn ará Faransé tí wọ́n pè ní "Le Gâteau des rois", ìyẹn àkàrà òyìnbó àwọn ọba. Nínú rẹ̀, Catherine ọbabìnrin Rọ́ṣíà, Joseph ti Ọ́sítríà àti Frederick ti Prọ́ṣíà yí àwòrán ilẹ̀ Pólàńdì ká, wọ́n ń fà á ya. Ẹni kẹrin tó wà níbẹ̀ ni Stanisław, ọba Pólàńdì fúnra rẹ̀, tó fi ọwọ́ di adé orí rẹ̀ mú kí ó má baà já bọ́. Ẹni tí wọ́n ń jẹ ohun ìní rẹ̀ wà láàárín wọn, a rí ojú rẹ̀, a sì rí ìtìjú rẹ̀. Ká fi èyí sọ́kàn, nítorí àwọn àwòrán tó tẹ̀ lé e kò fún ẹni náà ní irú àyè bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ohun tó mú Gillray ya tirẹ̀ ni lẹ́tà kan. Ogun láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1793. Wọ́n dáwọ́ dúró díẹ̀ ní 1802, ó tún bẹ́ sílẹ̀ ní 1803. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kìíní ọdún 1805, Napoleon kọ̀wé sí George Kẹta, ọba Gẹ̀ẹ́sì, pé kí wọ́n jẹ́ kí àlàáfíà dé. Gillray wo àlàáfíà tí wọ́n ń sọ, ó sì rí i pé bí alágbára méjì bá fẹnu kò nípa ayé, ìpín ni wọ́n ń pín. Ó kó wọn jókòó síwájú púdìǹgì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń sè nígbà Kérésìmesì: ìyẹ̀fun, ọ̀rá màlúù, èso àjàrà gbígbẹ, ṣúgà àti èròjà olóòórùn dídùn, tí wọ́n á dì sínú aṣọ bí ẹni ń dì mọ́ínmọ́ín sínú ewé, tí wọ́n á sì sè fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Ó tó kí èèyàn fara balẹ̀ wo bí wọ́n ṣe ń gé e. Napoleon ń fi agbára gé tirẹ̀, ó ń gún un bí ẹni ń jà, síbẹ̀ ìpín tó gé kò tó ti Pitt. Pitt ní tirẹ̀ rọra ń ṣe é, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n, òkun pátá ló sì ń gé, pẹ̀lú àwọn erékùṣù West Indies lára rẹ̀. Ẹ̀yìn àga kọ̀ọ̀kan ní àmì ìjọba tirẹ̀: kìnnìún ti Gẹ̀ẹ́sì, àti ẹyẹ idì ti Napoleon tó di fìlà pupa òmìnira mú sí èékánná. Fìlà yẹn ni àwọn ará Faransé dé nígbà tí wọ́n lé ọba wọn lọ pé kí ọmọ èèyàn lè dọ́gba. Ẹyẹ ọba tuntun ti kì í mọ́lẹ̀ bí òròmọdìẹ.

Kí ọdún náà tó parí, ohun tó wà lórí àwo ti ṣẹlẹ̀ lójú ayé. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun ti Faransé àti Sípéènì ní Trafalgar, òkun sì di ti Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá, Napoleon ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà àti Ọ́sítríà ní Austerlitz, àárín gbùngbùn Yúróòpù sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Pitt kò rí bí oúnjẹ náà ṣe parí. Ó kú ní ọjọ́ 23 oṣù Kìíní ọdún 1806, àwòrán náà kò tíì pé ọdún kan.

Nǹkan kan wà nínú iṣẹ́ Gillray yìí tó gbé e ga ju gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé e lọ: kò sí ẹni tó sanra nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán tó bá fẹ́ ya ọ̀kánjúwà, ikùn ńlá ni wọ́n á kọ́kọ́ yà, ọrùn á di ìdì, ìka á wú bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Gillray mọ ọ̀nà yẹn dáadáa. Ní oṣù Keje ọdún 1792 ó ti ya ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì, arólé oyè, gẹ́gẹ́ bí àjẹkì tí bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ kò lè pa dé mọ́, tó ń fi àmúga ta ẹran kúrò léyín. Ṣùgbọ́n ní 1805 ó yan egungun àti aràrá. Pitt kò lẹ́ran lára rárá. Wọ̀bìà tòótọ́ kì í hàn lára, nítorí ohun tó ń jẹ kì í dúró sínú rẹ̀. Èyí ni àwọn tó wá lẹ́yìn kò rántí, àṣìṣe wọn sì tóbi: wọ́n jẹ́ kí àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín àwọn aláṣẹ rò pé ọ̀rọ̀ kò kan àwọn.

Ohun kejì ni pé olórí ìjọba tirẹ̀ ló gbé sórí àga, tó sì fún ní ìpín tó tóbi jù. Láti 1797 títí di 1801, Gillray fúnra rẹ̀ ń gba £200 lọ́dọọdún lọ́wọ́ ìjọba Pitt, láti máa ya àwòrán tó gbè wọ́n. Èèyàn lè rí bí owó náà ṣe ṣiṣẹ́ nínú àwòrán kan tó jáde ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá ọdún 1798, lẹ́yìn tí Nelson ti ṣẹ́gun ọkọ̀ ogun Faransé lẹ́nu odò Náílì. John Bull, ọkùnrin olóúnjẹ tó dúró fún gbogbo ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, jókòó níwájú àwo, Nelson àti àwọn ọ̀gágun ojú omi yòókù sì ń gbé ọkọ̀ Faransé tí wọ́n ti sè fún un. Ó ń jẹ, ó ń ráhùn, ó tún ń jẹ. Àjẹkì ni níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n àjẹkì tí a fẹ́ kí òǹwòran yọ̀ mọ́. Bí a bá gbé àwòrán méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, a ó rí ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí wọ́n sanwó fún àti ẹni tí ojú rẹ̀ ti là. Ọ̀tá nìkan ló ń jẹ̀bi nínú ọ̀pọ̀ àwòrán ẹ̀fẹ̀ ìgbà ogun. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń bi ilé ara wọn léèrè ohun tí wọ́n ń jẹ.

Ṣúgà tó wà nínú púdìǹgì náà kò yẹ kó kọjá láìsọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 1792, Gillray ya George Kẹta, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọbìnrin wọn nídìí tíì tí kò ní ṣúgà. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Gẹ̀ẹ́sì ti kọ ṣúgà sílẹ̀ nítorí pé iṣẹ́ ẹrú ló mú un wá láti West Indies. Nínú àwòrán náà, ọba àti ayaba ń yọ̀ nítorí owó tí wọn kò ní ná mọ́, àwọn ọmọ ń fi ojú sunkún. Ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn náà, àwọn erékùṣù ṣúgà yẹn kan náà ló wà lẹ́nu ọ̀bẹ Pitt. Ní 1805, òfin Gẹ̀ẹ́sì ṣì fọwọ́ sí òwò ẹrú. Ọdún 1807 ni wọ́n tó ṣòfin láti dá a dúró. Àwọn tó ń gé ìrèké níbẹ̀ jẹ́ ọmọ Áfíríkà, ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e sì ni ogun ilẹ̀ Yorùbá sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ wa sínú oko ìrèké ní Kúbà àti ní Bàháyà. Kò sí ìkankan nínú wọn lójú àwo Gillray. Àwọ̀ lásán ni ilẹ̀ wọn jẹ́ lára púdìǹgì.

Ọgọ́rin ọdún géérégé lẹ́yìn àwòrán yìí, oúnjẹ náà dé ọ̀dọ̀ wa. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 1884 ni àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè mẹ́rìnlá ti ń ṣèpàdé ní Berlin lórí ọ̀rọ̀ Áfíríkà, Otto von Bismarck ti Jámánì sì ni alága wọn. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 1885, ìwé ìròyìn L'Illustration ti Párísì gbé àwòrán kan jáde láti ọwọ́ Draner, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù. Bismarck dúró, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àkàrà òyìnbó ńlá kan wà níwájú rẹ̀, orúkọ Áfíríkà ló wà lára àkàrà náà. Àwọn àlejò yí i ká, wọ́n ń wo ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn Berlin ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 1885, ọjọ́ kan náà gan-an nínú oṣù kan náà tí ṣọ́ọ̀bù Humphrey gbé púdìǹgì Gillray jáde. Wọn kò pe ọba ilẹ̀ Áfíríkà kankan sí ìpàdé náà.

Kò sí ogun láàárín àwọn àlejò wọ̀nyẹn. Torí kí ogun má baà sí láàárín wọn ni wọ́n ṣe ń pín in. Ìbọn tó yẹ kí wọ́n yìn síra wọn, ẹlòmíràn ni wọ́n padà wá yìn ín lù. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn Berlin, ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn kan tó fa ààlà láti etí omi lọ sí òkè. Ìlà náà la ilẹ̀ Yorùbá já. Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ẹ̀gbá àti Ọ̀yọ́ wà lápá Gẹ̀ẹ́sì. Ìmẹ̀kọ, tó jẹ́ ìlú lábẹ́ Alákétu, wá rí ara rẹ̀ ní apá kejì ààlà sí ọba tó ń sìn. Onítàn Anthony Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ọ̀rọ̀ yìí; ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1976 lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ àwọn òyìnbó jẹ́ kí a mọ bí ìdílé kan ṣe di ará ìjọba méjì, tí ọ̀kan ń san owó orí fún Gẹ̀ẹ́sì, tí èkejì ń sá fún iṣẹ́ ipá àwọn Faransé. Ìgbà tí èèyàn bá ka irú ìtàn bẹ́ẹ̀ tán ni yóò tó mọ ìdí tí àwòrán Draner kò fi lè pa ọmọ Yorùbá lẹ́rìn-ín bó ṣe pa àwọn ará Párísì. Ẹni tó wà nínú àkàrà ló ń wò ó.

Henri Meyer ya àkàrà tirẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1898 nínú Le Petit Journal. Ṣáínà ni wọ́n ń gé lọ́tẹ̀ yìí. Victoria ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì àti Wilhelm ti Jámánì ń wo ara wọn bí ológbò méjì, Rọ́ṣíà, Faransé àti Jàpáánì wà nítòsí. Lẹ́yìn wọn, ọmọ Ṣáínà kan ta ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń kígbe. Ó kéré tán, Meyer jẹ́ kí onílé kígbe. Bí a bá to gbogbo wọn tẹ̀ léra, a ó rí i pé ọba Pólàńdì wà láàárín wọn, ọmọ Ṣáínà dúró lẹ́yìn, Áfíríkà kò sì ní ojú kankan.

Nígbà tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ dé, tábìlì náà kúrò lọ́wọ́ àwọn ọba, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníṣòwò. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1917, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà wọ ogun, Art Young gbé àwòrán kan sínú ìwé ìròyìn The Masses ní New York. Olóòtú ìwé ìròyìn, olówó, olóṣèlú àti oníwàásù ń jó bí ẹni tí ọtí ń pa, èṣù sì ń darí àwọn onílù tí àgbá ogun jẹ́ ohun èlò orin wọn. Amẹ́ríkà ti ṣe òfin lórí iṣẹ́ amí ní oṣù Kẹfà ọdún náà, òfin yìí ni ìjọba sì fi gbé Young àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣe ẹjọ́ náà ní 1918, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ kò fẹnu kò. Young sùn lọ nílé ẹjọ́ nígbà kan, nígbà tó jí, ó ya ara rẹ̀ níbi tó ti ń sùn. Ogún ọdún lẹ́wọ̀n ló sì ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lórí rẹ̀ nígbà náà.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ẹjọ́ yẹn lágbára. Gillray ya olórí ìjọba rẹ̀ bí wọ̀bìà, kò sẹ́ni tó mú un. Ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé lẹ́yìn náà, Young fi ìka kan èrè ogun, ìjọba sì fẹ́ tì í mọ́lé. Èèyàn lè sọ pé àwọn aláṣẹ lè fara da ẹni tó ní wọ́n ń jẹ ayé. Ohun tí wọn kì í fẹ́ gbọ́ ni iye tí wọ́n ń rí lórí rẹ̀.

George Grosz ní Berlin ló wá sọ olùjẹ èrè ogun di ojú tí gbogbo ayé mọ̀: ọrùn tó ti di ẹran, sìgá ńlá, níwájú rẹ̀ ni ọmọ ogun tó ti pàdánù ẹsẹ̀ jókòó tó ń ṣagbe. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ lórí àkójọ àwòrán rẹ̀ tó jáde ní 1920, wọ́n ní ó tàbùkù àwọn ọmọ ogun, wọ́n sì bu owó ìtanràn fún un. Iṣẹ́ Grosz ní ìgboyà, ìbínú rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni sísanra ti di ẹ̀ṣẹ̀ pátápátá, àwòrán ẹ̀fẹ̀ ogun kò sì tíì bọ́ nínú àṣà náà títí di òní.

Nígbà ogun àgbáyé kejì, ìjọba fúnra wọn gba pẹ́ńsùlù. Ní Gẹ̀ẹ́sì, Phillip Boydell ya kòkòrò burúkú kan fún àwọn tó ń bójú tó ìfowópamọ́, àmì àwọn Násì wà lára rẹ̀. Kòkòrò náà á dúró létí obìnrin tó wọ ṣọ́ọ̀bù, á máa tì í pé kó ra ohun tí kò nílò. Àwòrán náà dára, ó sì ṣiṣẹ́. Síbẹ̀ ó yẹ ká ṣàkíyèsí ibi tí ìka ti yí sí: láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta àgbá ogun lọ sọ́dọ̀ ìyàwó ilé tó fẹ́ ra fìlà.

Irú ìka bẹ́ẹ̀ dé Èkó náà. Nítorí ọ̀wọ́n ọjà ìgbà ogun, ìjọba amúnisìn fi iye owó lé gàárì àti oúnjẹ mìíràn lórí, wọ́n ń ta á ní àwọn ọjà tí àwọn ará ìlú ń pe orúkọ Pullen mọ́, ìyẹn ọ̀gá tó ń bójú tó ètò náà, wọ́n sì ń ka àwọn obìnrin ọlọ́jà sí ọ̀kánjúwà tó ń fi ogun jẹun. Alimotu Pelewura, olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó, dìde sí i. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ iye tí gàárì ń jẹ kó tó dé Èkó, wọ́n sì mọ̀ pé iye tí ìjọba fi lé e kò lè gbé owó ọkọ̀, ká tó wá sọ èrè. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba náà daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà nítorí pé owó oṣù wọn kò ká ọ̀wọ́n ọjà mọ́. Ìyanṣẹ́lódì náà ju ogójì ọjọ́ lọ. Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje, ìjọba ti ìwé ìròyìn West African Pilot pa fúngbà díẹ̀.

Nínú Pilot yẹn ni Akinola Lasekan, ọmọ Ọ̀wọ̀, ti ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ láti ọdún 1944, tó ń fi "Lash" ṣe orúkọ sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀. Òun ló fi ìdí ọ̀nà yìí múlẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Nàìjíríà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, àwọn tí Draner kò ya ojú wọn rí ẹni tó ya ojú wọn: òṣìṣẹ́, ọlọ́jà, ará ìlú tí wọ́n ń gun lórí, wọ́n wà níwájú àwòrán, wọ́n ní ẹnu, wọ́n ní ojú. Lójú ẹni tó ń kọ àgbéyẹ̀wò yìí, èyí tóbi ju ọgbọ́n ọwọ́ lọ. Gbogbo àwòrán tó ti kọjá, ẹni tó di ọ̀bẹ mú ni wọ́n ń wò. Lasekan yí àga, ó jókòó sápá àwo.

Ó dunni pé iṣẹ́ Lasekan kò sí lára ògiri bíi ti Gillray. Bébà ìwé ìròyìn kì í pẹ́ gbó. Tí wọ́n bá kà á tán, wọ́n á fi wé àkàrà, ó tán. Iṣẹ́ Gillray ní tirẹ̀ wà lórí awo bàbà. Ó máa ń fi ọ̀dà bo awo náà, á fi abẹ́rẹ́ ha àwòrán sójú ọ̀dà, á wá da ásíìdì lé e, ásíìdì á sì jẹ bàbà níbi tí abẹ́rẹ́ bá ti la ọ̀nà. Wọ́n á fi yíǹkì kún ojú ìlà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, àwọn tí ṣọ́ọ̀bù gbà síṣẹ́ á sì fi ọwọ́ kun àwọ̀ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀wù Pitt fi lè pọ́n fòò nínú ẹ̀dà kan, tí yóò sì ṣá díẹ̀ nínú òmíràn. Olówó á rà á lọ. Ẹni tí kò lówó á dúró níta, á wò ó lójú fèrèsé. Gillray ya fèrèsé yẹn gan-an ní 1808: ọkùnrin kan yọ̀ ṣubú lórí yìnyín níwájú ṣọ́ọ̀bù Humphrey, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò yíjú, nítorí ojú wọn ti wọ inú àwòrán lọ.

Ojú Gillray bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ ní bí ọdún 1806. Ọdún 1809 ló ṣe èyí tó gbẹ̀yìn, lẹ́yìn náà ni iyè rẹ̀ daru. Ó kú ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 1815, nínú ilé Humphrey, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ṣáájú Waterloo, níbi tí Napoleon ti pàdánù gbogbo ohun tó gé.

Àwọn awo bàbà rẹ̀ kò bá a kú. Lẹ́yìn ogójì ọdún tí púdìǹgì jáde, oníṣòwò ìwé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Henry Bohn, rà wọ́n, ó sì tún wọn tẹ̀ ní ìwé ńlá, láìkun àwọ̀ sí wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà nínú férémù lónìí ti inú ìwé yẹn wá. Àwọn tó tú u ló gé e sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí àwọn mìíràn sì fi àwọ̀ tuntun kùn ún kí ó lè jọ ti ìgbà Humphrey. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ nílé, kó má ṣe kọ́ ọ síbi tí oòrùn ń wọlé sí, nítorí oòrùn a máa jẹ àwọ̀. Kó sì yọ páálí lásán tó wà lẹ́yìn rẹ̀, torí ásíìdì inú páálí a máa sọ bébà di àwọ̀ ilẹ̀. Tí wọ́n bá ti tú férémù náà, kí wọ́n yí bébà náà wò lẹ́yìn kí wọ́n tó dá a padà síbẹ̀. Ojú méjèèjì bébà ni Bohn tẹ àwòrán sí. Tó bá jẹ́ ẹ̀dà Bohn ni, àwòrán mìíràn wà lẹ́yìn èyí tí gbogbo ilé ti ń wò, ó ti kọjú sí ògiri láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e kọ́.